Bí ẹ ṣe lè mọ òfin àti owó orí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ òkun tó kó kòkó yín

Èkìtì kò ní òkun, kò sì ní ọ̀sà. Kí èèyàn tó rí omi tó lè gbé ọkọ̀ ńlá, yóò gba Àkúrẹ́ kọjá, yóò gba Orè, kí ó tó já sí Èkó. Síbẹ̀, kòkó tí a ń sá sí ẹ̀bá ilé ní Ìkẹ́rẹ́ kì í gbé Ìkẹ́rẹ́. Inú àpò ló ń bọ́ sí, àpò 16 á pé tọ́ọ̀nù kan, lọ́rí á kó o lọ sí Èkó, ọkọ̀ òkun á sì gbé e lọ sí Amsterdam tàbí ibòmíì nílùú òyìnbó.

Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa àgbẹ̀ kòkó, bàbá kan tó ti ń ṣe oko kòkó kí wọ́n tó bí mi bi mí pé, "Akọ̀wé, ọkọ̀ tó ń kó kòkó wa lọ yìí, ṣé ti Nàìjíríà ni?" Mo ní, "Bàbá, mi ò rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní, "Kí ló dé tí kì í fi í ṣe tiwa?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọn ò bínú, wọ́n kàn ní kí n lọ wádìí ẹ̀ wá. Ọ̀nà tí mo gbà wádìí náà ni mo tò sílẹ̀ yìí, kí ẹlòmíì lè ṣe é fúnra rẹ̀ láì pẹ́ tó bí mo ṣe pẹ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ òkun kì í di ti orílẹ̀-èdè kan nítorí pé ibẹ̀ ní omi. Ibi tí òfin bá ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tí owó orí ibẹ̀ kò sì fún un lọ́rùn, ibẹ̀ ló ń lọ forúkọ sílẹ̀. Switzerland kò ní òkun, bí Èkìtì gan-an ló rí. Ṣùgbọ́n ní 1941, nígbà tí ogun àgbáyé kejì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ wọn, wọ́n ṣe òfin ọkọ̀ òkun tiwọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àsíá wọn sórí ọkọ̀. Basel, ìlú tó wà létí odò láàárín ilẹ̀, ni wọ́n ń kọ sí ìdí ọkọ̀ wọn. MSC, tó wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ńténà tó tóbi jù láyé, Geneva ní Switzerland náà ni ilé-iṣẹ́ àgbà rẹ̀ wà.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: fóònù tó ní dátà, bíró, ìwé kan, àti sùúrù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gba ẹ̀dà bill of lading

Bill of lading ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń jẹ́rìí pé òun ti gba ẹrù. Ọwọ́ ẹni tó fi kòkó ránṣẹ́ sókè òkun ló ń wà, kì í dé ọwọ́ àgbẹ̀, nítorí náà ẹ ní láti béèrè fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì la béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ra tiwa, kò dá wa lóhùn. Ìgbà tí a kọ ọ́ sínú àdéhùn ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó fún wa ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà á pé ẹ fẹ́ mọ oníbàárà òun, ẹ ní kó bo orúkọ oníbàárà náà àti iye owó. Orúkọ ọkọ̀, èbúté tó ti gbéra àti èbúté tó ń lọ nìkan lẹ nílò.

Nígbà míì ọkọ̀ tó gbé kọ̀ńténà ní Èkó kọ́ ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ ní Morocco tàbí Spain kí òmíràn tó wá gbé e. Èyí tó gbé e ní Èkó ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ẹni tó yan ọkọ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Nínú àdéhùn tí wọ́n fi ta kòkó náà sókè òkun, ẹ ó sábà rí lẹ́tà mẹ́ta kan: FOB tàbí CIF. Bó bá jẹ́ FOB, ẹni tó ń tà yóò gbé ẹrù dé inú ọkọ̀ ní Èkó, iṣẹ́ tirẹ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó ń rà ló wá ọkọ̀, òun ló san owó ọkọ̀. Bó bá jẹ́ CIF, ẹni tó ń tà ló wá ọkọ̀, òun ló san owó ọkọ̀ àti owó ìbánigbófò títí dé èbúté tí ẹrù ń lọ.

Ẹ fi wé ọjà iṣu. Bí oníṣòwò Ìbàdàn bá gbé mọ́tò wá sí oko yín, awakọ̀ tó bá mọ̀ ni yóò gbé wá, owó ọkọ̀ náà yóò sì bá wọn padà sí Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kó iṣu lọ bá a, awakọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni yóò jẹ nínú rẹ̀, fọkanáísà Ìkẹ́rẹ́ ni yóò lẹ táyà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni yóò sì máa kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ wíwà lórí mọ́tò yẹn.

FOB ni wọ́n sábà ń ta kòkó wa. FOB náà ni ìjọba ti ń ta epo rọ̀bì láti ìgbà pípẹ́. Ẹrù tó tóbi jù tí orílẹ̀-èdè yìí ní, ẹni tó rà á ló ń yan ọkọ̀ tí yóò gbé e. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ká sáà ra ọkọ̀, ọkọ̀ á di tiwa, ẹ bi í léèrè pé ta ni yóò fún ọkọ̀ náà lẹ́rù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá nọ́ńbà IMO ọkọ̀ náà, kí ẹ sì dán an wò

Bí wọ́n bá ta ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ lè yí padà, àsíá rẹ̀ náà lè yí padà. Nọ́ńbà IMO, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ òkun lágbàáyé, kì í yí. Fígọ̀ méje ni, láti ìgbà tí wọ́n ti kan ọkọ̀ ló ti ń jẹ́ ẹ, yóò sì máa jẹ́ ẹ títí wọn yóò fi tú u ká. Ẹ tẹ orúkọ ọkọ̀ sórí ìkànnì MarineTraffic, nọ́ńbà náà yóò jáde, ẹ ó sì rí ibi tí ọkọ̀ wà lórí máàpù.

Nọ́ńbà náà gbé ẹ̀rí ara rẹ̀ dání. Ẹ fi 7 sọ fígọ̀ kìíní di púpọ̀, 6 fún ìkejì, 5 fún ìkẹta, 4, 3, 2 fún àwọn yòókù. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fígọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú àròpọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ bá fígọ̀ keje dọ́gba. Ká mú 9123453 ṣe àpẹẹrẹ: 63, 6, 10, 12, 12, 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 113. Ó parí sí 3, fígọ̀ keje náà sì jẹ́ 3. Ẹ̀yìn rìsíìtì oògùn kòkó ni mo ti ṣe é fún àwọn bàbá wa. Bàbá tó kọ́kọ́ bi mí léèrè gba bíró lọ́wọ́ mi, wọ́n fi nọ́ńbà ọkọ̀ tó kó kòkó tiwọn gan-an ṣe é, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya àsíá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ni ọkọ̀

Ẹ lọ sórí ìkànnì Equasis. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ó forúkọ sílẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà IMO sí i, ẹ ó rí àsíá ọkọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ìwé sọ pé ó ni ín, ilé-iṣẹ́ tó ń darí rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò ní èbúté tàbí tí wọ́n dá a dúró nítorí àbùkù.

Má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí àsíá bá jẹ́ ti Làìbéríà, tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín jẹ́ ti erékùṣù Marshall, tí àwọn tó ń darí rẹ̀ sì ń gbé ní Gíríìsì. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò ní ju ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ: wọ́n ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ kí gbèsè ọ̀kan má bàa gbá òmíràn mú. Bí ẹ bá débi tí ẹ ti lè fojú rí ọkọ̀ náà, ẹ wo ìdí rẹ̀: MONROVIA (ti Làìbéríà), PANAMA, MAJURO (ti erékùṣù Marshall), VALLETTA (ti Malta). Orílẹ̀-èdè tí ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà ni òfin rẹ̀ ń darí ọkọ̀ náà, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀ rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bi òfin àsíá náà ní ìbéèrè mẹ́rin

Ta ló lè ni ọkọ̀ lábẹ́ àsíá yìí? Ta ló lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀? Irú owó orí wo ni wọ́n ń gbà? Ẹrù wo ni òfin fi pa mọ́ fún un? Bí orílẹ̀-èdè kan bá ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni iye ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ní 1948 ni Làìbéríà ṣe òfin tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀ àjèjì. Panama ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Àjèjì lè ni ọkọ̀, àwọn atukọ̀ lè ti ibikíbi wá, wọn kì í sì gba owó orí lórí èrè tí ọkọ̀ bá rí lókè òkun. Owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ọdọọdún tí wọ́n ń fi ìtóbi ọkọ̀ ṣírò ni wọ́n ń gbà. Bí a bá fi ìtóbi ọkọ̀ ṣírò, Panama, Làìbéríà àti erékùṣù Marshall ni ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ sí jù láyé báyìí. Gbogbo àwọn tó ń gbé erékùṣù Marshall kò pọ̀ tó àwọn tó ń gbé Adó-Èkìtì nìkan. Ọ́fíìsì àgbà tó sì ń fi orúkọ ọkọ̀ Làìbéríà sílẹ̀, Virginia ní Amẹ́ríkà ló wà.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin 1920 tí wọ́n ń pè ní Jones Act sọ pé ẹrù tó bá ti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ sí èbúté Amẹ́ríkà mìíràn, ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ti ọmọ Amẹ́ríkà, tí ọmọ Amẹ́ríkà pọ̀ jù nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ni kó gbé e. Ó dáàbò bo iṣẹ́ wọn nílé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n bá kàn níbẹ̀ gbówó lórí gan-an ju ti Korea tàbí Ṣáínà lọ, nítorí náà ọkọ̀ ńlá tó kún ojú ìwọ̀n òfin yìí kò pọ̀. Òfin kan náà ló ṣe méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣírò owó orí náà

Ẹ má kàn gbọ́ ọ létí, ẹ ṣírò rẹ̀. Owó orí kan wà tí wọ́n ń gbé lé ìtóbi ọkọ̀, tí kò ka èrè tí ọkọ̀ rí sí. Láti 1957 ni Gíríìsì ti ń lò ó, Netherlands gbà á ní 1996, Bìrìtìkó ní 2000, Íńdíà ní 2004. Ti Bìrìtìkó ni mo fẹ́ lò nítorí pé ìṣirò rẹ̀ ṣe kedere.

Tọ́ọ̀nù tí wọ́n ń sọ níbí kì í ṣe ìwúwo o, ààyè tó wà nínú ọkọ̀ fún ẹrù ni. Fún tọ́ọ̀nù 1,000 àkọ́kọ́, wọ́n gbà pé ọkọ̀ jèrè £0.60 lójúmọ́ lórí tọ́ọ̀nù 100 kọ̀ọ̀kan. Láti 1,000 dé 10,000, £0.45. Láti 10,000 dé 25,000, £0.30. Ohun tó bá lé, £0.15.

Ká mú ọkọ̀ tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 20,000. Apá kìíní jẹ́ £6. Apá kejì jẹ́ £40.50. Apá kẹta jẹ́ £30. Àpapọ̀ jẹ́ £76.50 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ £27,922.50 lọ́dún. Orí iye yìí ni wọn yóò ti wá gba owó orí ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £6,981. Ká ní ọkọ̀ yẹn jèrè £2,000,000 lọ́dún náà, ìlànà owó orí tó wà fún ilé-iṣẹ́ yòókù ìbá gba £500,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi £6,981 sí ẹ̀gbẹ́ £500,000 kí ẹ wò ó. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí tán ni mo tó mọ̀ pé kò sí bí olówó ọkọ̀ ṣe máa fi àsíá ibi tó nira sílẹ̀ lórí ọkọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n Bìrìtìkó kò fi owó yẹn tọrẹ lásán. Ilé-iṣẹ́ tó bá wọ inú ètò náà gbọ́dọ̀ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dọọdún fún ipò ọ̀fíísà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Ìjọba dín owó orí kù, ó sì fi gba iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ èyí, a óò padà sí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé ìbéèrè kan náà wá sílé

A ti ní ọkọ̀ rí. Ní 1959 ni wọ́n dá Nigerian National Shipping Line sílẹ̀, àwọn àgbà lè rántí àwọn ọkọ̀ rẹ̀: Dan Fodio, Oduduwa, River Majidun. Ní 1995 ìjọba tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Láàárín ìgbà yẹn, àdéhùn àjọ àgbáyé ọdún 1974 ti gbà pé kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó ń bá ara wọn ṣòwò pín ẹrù ọkọ̀ tó ń rin ìrìn-àjò déédéé: ìdá 40 fún ọ̀kan, 40 fún èkejì, 20 fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ṣùgbọ́n àǹfààní ìdá 40 kò wúlò fún ẹni tí kò ní ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni òfin Cabotage ọdún 2003 dé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ó sọ ohun mẹ́rin nípa ọkọ̀ tó ń kó ẹrù láàárín èbúté Nàìjíríà: kí wọ́n kàn án níbí, kó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà pátápátá, kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni atukọ̀ rẹ̀, kó sì forúkọ sílẹ̀ níbí. Òfin tó dára ni lójú mi. Àmọ́ òfin kan náà fún mínísítà láṣẹ láti yọ̀ǹda ọkọ̀ tí kò pé ojú ìwọ̀n, nítorí pé a kò ní ibi tí a ti lè kan ọkọ̀ ńlá. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ wá di ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.

Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí ọkọ̀ bá ṣe lábẹ́ òfin yìí ń lọ sínú àpò owó kan, CVFF, kí wọ́n lè máa yá àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ ra ọkọ̀. Fún ohun tó lé ní ọdún 15, wọ́n ń gba owó náà, wọn kò yá ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí mo mọ ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́: bí a bá ń dá owó lóṣooṣù tí a kò yá ọmọ ẹgbẹ́ kan rí, ẹgbẹ́ yẹn kò ní pé ọdún kan kí ó tó tú.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfin NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ti ọdún 2007 ń gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkọ̀ lórí ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń san án, ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò tí kì í fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí orí oníbàárà. Ẹni tó ń ra kòkó náà yóò ti ka á mọ́ ìnáwó rẹ̀ kó tó dárúkọ iye tí yóò san fún wa. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ Èkìtì bá ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun kò kan òun, ẹ fi èyí hàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ mọ ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí

Má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Adó. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun sí abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ kò lè ṣòfin lé e lórí. Àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú mẹ́fà tí Èkìtì ní ní Àbújá ni kí ẹ kọ̀wé sí. Kí lẹ́tà má gùn ju ojú ewé kan lọ. Ẹ so ẹ̀dà bill of lading mọ́ ọn, ẹ kọ nọ́ńbà IMO àti àsíá ọkọ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá béèrè: èló ni wọ́n ti yá jáde nínú CVFF, fún ta ni? Ọkọ̀ mélòó ni mínísítà yọ̀ǹda lọ́dún tó kọjá? Bí wọ́n bá dín owó orí kù fún ọlọ́kọ̀, ọmọ mélòó ni òfin yóò ní kó kọ́ níṣẹ́?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ká mi lára jù. Ọmọ àbúrò mi kan kàwé iṣẹ́ atukọ̀ tán, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè gba ìwé ẹ̀rí ọ̀fíísà lábẹ́ òfin àgbáyé, ó gbọ́dọ̀ ṣe oṣù 12 lórí omi, nínú ọkọ̀ tó ń rìn, kí wọ́n máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé. Ọkọ̀ wo? Orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ kò tó lábẹ́ àsíá rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíì ló ti ń tọrọ ààyè fún ọmọ rẹ̀. Adó ló wà báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó sì ń dúró.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ atukọ̀, ní Oron tàbí ibòmíì, ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó sanwó pé ọkọ̀ wo ni wọn yóò fi í sí fún oṣù 12 yẹn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ní ìwé kan

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lásán tó. Ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ kọ orúkọ èbúté tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ sókè: MONROVIA, PANAMA, MAJURO, VALLETTA, LAGOS, kí ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ fún òmíràn. Bí kòkó yín bá ti gbéra, ẹ fàmì sí abẹ́ èyí tó gbé e, kí ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà IMO sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá tó bi mí léèrè ló ń tọ́jú tiwa báyìí, inú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ìdíwọ̀n kòkó ni wọ́n ń fi í sí. Abẹ́ LAGOS kò tíì ní àmì kankan.